Kí Eku Ó Lè Ké Bí Eku

Àpótí oníke kan tó mọ́ gaara ló wà lórí tábìlì. Èkúté dúdú kan wà nínú rẹ̀, ó ń gbóòórùn igun kan dé òmíràn, irun ẹnu rẹ̀ ń mì tìtì. Rọ́bà tín-ín-rín méjì ni wọ́n so mọ́ àpótí náà: ọ̀kan ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ń fà á jáde. Obìnrin tó dúró tì í wọ ìbọ̀wọ́, ó sì da aṣọ iṣẹ́ bora. Ó yí ojú ẹ̀rọ kan díẹ̀, oògùn tí wọ́n ń pè ní isoflurane sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ́síjìn wọlé.

Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn èkúté náà fi yẹ̀. Orí rẹ̀ wálẹ̀, igbáàyà rẹ̀ tó ń sáré tẹ́lẹ̀ wá ń lọ sókè sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Obìnrin náà gbé àpótí ṣẹ̀gbẹ́, èkúté yí dànù, kò sì lè yí ara rẹ̀ padà. Ó gbé e jáde, ó fún ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Kò fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn. Oorun ti gbé e lọ.

Ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn oníke tóóró kan, ó ki imú rẹ̀ bọ inú ìbòmú kékeré tí oògùn ń gbà wọlé, ó sì fi eyín òkè rẹ̀ kọ́ ọ̀pá kan kí orí má baà mì. Ó fi ìpara sí i lójú méjèèjì, torí pé ojú eku kì í pa dé nígbà tí oògùn bá kùn ún lóorun, kì í sì í ṣẹ́jú. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú náà á gbẹ. Ó ti tìmùtìmù kékeré kan sábẹ́ ikùn rẹ̀ láti máa ka mímí, ó sì fi tẹmómítà tín-ín-rín sí i ní ìdí. Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó ti ibùsùn náà wọ inú ihò òòfà ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe nǹkan àrà mọ́ ní àwọn yunifásítì àti ilé iṣẹ́ apoògùn ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Japan. Kí oògùn jẹjẹrẹ tàbí ti ọpọlọ tó dé ọwọ́ dókítà, àfàìmọ̀ kí eku kan má ti sùn nínú ẹ̀rọ ayàwòrán nítorí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ni àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bó ṣe wọ́n tó àti bó ṣe lágbára tó. Èmi rò pé oorun eku náà gan-an ló yẹ ká jókòó tì, torí ibẹ̀ ni àwòrán ti ń dára, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́.

Eku tí à ń dẹ tàkúté fún

Bí èèyàn bá lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta òkété yíyan pé àwọn kan wà tó ń fi ìpara sí eku lójú, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná yí i ká kí òtútù má baà mú un, ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Eku tó ń jẹ wá níṣu nínú àká, tí à ń dẹ tàkúté fún? Eku tó wà nínú ohun ẹbọ, òun àti ẹja? Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n á bi tẹ̀ lé e mọ́gbọ́n dání: kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn lórí ẹran tí wọ́n á padà pa?

Èsì méjì ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà máa ń fọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ẹran náà mọ ìrora, òfin sì de àwọn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1986 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ẹran ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ṣáájú òfin yẹn, ní 1959, William Russell àti Rex Burch ti kọ ìwé kan tó di òpó iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní bí nǹkan mìíràn bá lè rọ́pò ẹran, kí wọ́n lò ó. Bí kò bá sí, kí iye ẹran dín kù. Èyí tí wọ́n bá sì lò, kí ìyà tó ń jẹ ẹ́ dín kù.

Èsì kejì kì í sábà dé etí ará ìta. Ẹran tí ìyà ń jẹ, tí ẹ̀rù ń bà, tí òtútù ń mú, kì í fi òtítọ́ ara rẹ̀ hàn nínú àwòrán. Àwọn àgbà wa gbà pé ayé ti dàrú nígbà tí eku ò bá ké bí eku mọ́, tí ẹyẹ ò sì ké bí ẹyẹ. Eku tó ṣì ń ké bí eku ni onímọ̀ ń wá nínú ẹ̀rọ yẹn.

Kò sẹ́ni tó lè bẹ èkúté pé kó má mira

Oríṣi eku méjì ni wọ́n ń lò jù. Èkúté kì í sábà wọn ju gírámù 20 sí 30 lọ. Eku ńlá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Wistar, tí ìran rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia ní 1906, tí wọ́n sì ń lò nínú yàrá ìwádìí ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ títí dòní, lè wọn gírámù 250 sí 500. Ọkàn èèyàn máa ń lù ní nǹkan bí ìgbà 60 sí 100 níṣẹ́jú kan. Ti èkúté tó jí a máa lù tó ìgbà 500 sí 700.

Aláìsàn tó bá wọ ẹ̀rọ MRI ní ọsibítù, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ pé kó má mira, kó tilẹ̀ séèémí díẹ̀. Ta ló máa bẹ èkúté bẹ́ẹ̀? Ọpọlọ rẹ̀ kò tó ìdajì gírámù. Bó bá yẹrí díẹ̀ báyìí, àwòrán ti dàrú. Nítorí pé nǹkan tí wọ́n ń wò kéré tó bẹ́ẹ̀, òòfà eku máa ń lágbára ju ti ọsibítù lọ. Tesla ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára òòfà: ti èèyàn sábà máa ń jẹ́ Tesla 1.5 tàbí 3. Ti eku lè jẹ́ 7, 9.4 tàbí 11.7. Irú òòfà bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ rí irin nítòsí. Àgbá ọ́síjìn àti ẹ̀rọ tó ń po oògùn gbọ́dọ̀ jìnnà sí i, rọ́bà gígùn ni yóò gbé afẹ́fẹ́ dé imú ẹran.

Oògùn náà ní ìwọ̀n. Ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń kùn ún lóorun; bó bá ti sùn, wọ́n á dín in kù sí nǹkan bí ìdá 1 sí 2. Ẹni tó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà á wá máa wo ìlà kan tó ń lọ sókè sódò. Mímí ẹran náà ni. Bó bá ń sáré jù, oorun ti ń dá lójú rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá tó ìgbà 40 níṣẹ́jú kan mọ́, oògùn ti ń pọ̀ jù, ọwọ́ gbọ́dọ̀ tètè dé ojú ẹ̀rọ. Wákàtí kan lè kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kì í gbójú kúrò lára ìlà yẹn. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ló ni àwòrán, àwọn ló ni ẹran.

Oògùn tí ẹran bá mí jáde ò gbọdọ̀ kún yàrá, kó má baà ṣe òṣìṣẹ́ ní jàǹbá. Agolo tí wọ́n rọ èédú kún ló ń gbà á. Wọ́n á máa gbé agolo náà sórí òṣùwọ̀n; bó bá ti fi gírámù 50 wúwo ju bó ṣe wà ní tuntun lọ, ó ti yó, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí mo kà tó yà mí lẹ́nu. Èèyàn tí wọ́n fẹ́ kùn lóorun gbọ́dọ̀ fi ebi pa inú, kó má baà bì kí èébì wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Eku kì í bì, ara rẹ̀ ò gbà á láyè. Nítorí náà kò pọn dandan kí ebi pa á kó tó sùn, àfi bí àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ bá béèrè fún un.

Afẹ́fẹ́ tí eku mí hàn nínú àwòrán

Ìtàn kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ti rí àwòrán ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ rí jẹ ní gbèsè ọpẹ́. Ní 1936, Linus Pauling àti Charles Coryell ní Kalifóníà ṣàwárí pé ẹ̀jẹ̀ tó ru ọ́síjìn àti ẹ̀jẹ̀ tó ti sọ ọ́síjìn rẹ̀ kalẹ̀ kì í hùwà bákan náà níwájú òòfà. Èkejì ni òòfà ń fà. Ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè fi èyí ṣe nínú ara alààyè.

Seiji Ogawa, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Laboratories ní Murray Hill, New Jersey, ló fi eku rí i. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kùn wọ́n lóorun, wọ́n sì ya ọpọlọ wọn nínú òòfà alágbára. Nígbà tí eku ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ìlà dúdú tín-ín-rín hàn káàkiri ọpọlọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ tó ti sọ ọ́síjìn kalẹ̀ ló sọ wọ́n di dúdú. Wọ́n fún un ní ọ́síjìn pọ́ńbélé, àwọn ìlà náà ṣá. Wọ́n yí oògùn oorun padà, àwòrán yí padà. Wọ́n fi insulin fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ó tún yí padà. Ní 1990 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde.

Nígbà tó fi di 1992, Ogawa àti àwọn mìíràn ti fi ọgbọ́n yìí wo ọpọlọ èèyàn tó lajú sílẹ̀. Ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ ọlọ́síjìn ń rọ́ lọ, ẹ̀rọ á sì rí i. Lónìí, oníṣẹ́ abẹ tó fẹ́ yọ kókó nínú orí lè kọ́kọ́ fi irú àwòrán yìí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ fìdí sí, kí ọ̀bẹ má baà dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún ìtàn yẹn wò. Ọpọlọ eku nìkan kọ́ ni Ogawa rí. Ó rí afẹ́fẹ́ tí eku ń mí, ó sì rí oògùn tó kùn ún lóorun. Ohun tó jẹ́ àwárí fún un ló wá di ìyọnu fún àwọn tó tẹ̀ lé e. Isoflurane a máa fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Iṣan tó ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní láyè púpọ̀ mọ́ láti fẹ̀ nígbà tí ọpọlọ bá ń pe ẹ̀jẹ̀. Bí oògùn náà bá sì pọ̀, ọpọlọ fúnra rẹ̀ á dákẹ́. Onímọ̀ lè wá jókòó, kó máa túmọ̀ àmì oògùn, kó rò pé àmì àìsàn ni òun ń wò.

Òtútù a máa purọ́

Ti ẹ̀rọ PET, tó ń fi èròjà onítànṣán ya àwòrán inú ara, tún yàtọ̀. Ní yunifásítì UCLA ní Los Angeles, Simon Cherry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ PET kékeré tó bá ara eku mu, wọ́n sì ròyìn rẹ̀ ní 1997. Wọ́n á so ṣúgà mọ́ fluorine-18, èròjà onítànṣán tí ìdajì agbára rẹ̀ á ti lọ láàárín ìṣẹ́jú 110, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tì í sínú iṣan ìrù. Jẹjẹrẹ fẹ́ràn ṣúgà. Ibi tó bá wà á tàn yòò.

Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ nìkan kọ́ ló fẹ́ràn ṣúgà. Omi inú ife tètè ń tutù ju omi inú ìkòkò ńlá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ooru ṣe ń tètè fi ara èkúté sílẹ̀ ju tiwa lọ. Bí yàrá bá tutù, ọ̀rá kan wà láàárín èjìká rẹ̀, ọ̀rá aláwọ̀ búráùn, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa jó kí ara lè móoru. Ọ̀rá yìí á gbé ṣúgà onítànṣán náà mì, á sì tàn nínú àwòrán débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ lè pè é ní jẹjẹrẹ. Bí oògùn bá wá kùn ún lóorun, agbára tó fi ń gbọ̀n láti mú ara rẹ̀ gbóná á lọ. Tẹmómítà tó wà ní nǹkan bí 37 á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ọkàn á máa falẹ̀, oògùn ò ní tètè kúrò lára.

Ní 2006, àwọn olùwádìí ní UCLA yìí kan náà tẹ iṣẹ́ kan jáde tó yẹ kó wà lára ògiri gbogbo yàrá ìwádìí. Wọ́n mú èkúté tó ní kókó jẹjẹrẹ, wọ́n wá yí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn padà kí wọ́n tó yà wọ́n. Àwọn kan jẹun, ebi pa àwọn kan. Wọ́n fi ooru sí àwọn kan lára, wọn ò fi sí àwọn mìíràn. Oògùn oorun náà yàtọ̀ síra. Irú ẹran kan náà, irú kókó kan náà, àwòrán ò sì bára mu rárá. Ooru pa ìmọ́lẹ̀ ọ̀rá búráùn. Ebi fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kókó sì hàn kedere. Ketamine pẹ̀lú xylazine, oògùn abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sókè gan-an. Isoflurane ò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú iṣẹ́ yẹn ni pé kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá kankan nínú ohun tó tún ọ̀rọ̀ ṣe. Kí wọ́n mú àgò ẹran móoru kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ooru náà já títí ẹran á fi jí, ìyẹn ló ya òtítọ́ kúrò lára irọ́. Ẹni tó bá fi àánú ṣe é àti ẹni tó bá fi ìmọ̀ ṣe é, ohun kan náà ni wọ́n á ṣe.

Ẹran kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà

Láìsí ẹ̀rọ ayàwòrán, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí kókó ṣe ń dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbọ́dọ̀ máa pa ẹran lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó lè wo inú rẹ̀. Ká ní ẹran 8 ló ń lò lọ́sẹ̀ kan: 48 ni gbogbo rẹ̀. Pẹ̀lú ẹ̀rọ, ẹran 8 náà ni wọ́n á máa yà léraléra, wọ́n á sì lè fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀ àná. Èyí ni àwọn onímọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú nígbà tí wọ́n bá ń gbèjà iṣẹ́ wọn, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn tó ń jà fún ẹranko náà ní ohun tí wọ́n ń sọ. Ogójì ẹran là, òótọ́ ni. Mẹ́jọ tó kù ńkọ́, tí wọ́n á wọ àpótí yẹn lẹ́ẹ̀mẹfà? Isoflurane ní òórùn líle, ìwádìí sì ti fi hàn pé eku tó ti mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan máa ń sá fún un ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ. Mo gbà pẹ̀lú wọn níbí. Ìyà tí ẹran kan ń jẹ lẹ́ẹ̀mẹfà, kò sí bí a ṣe lè yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò 48.

Ìtura kan ti Liverpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ní 2010, Jane Hurst àti Rebecca West fi hàn pé èkúté tí wọ́n bá ń fi ìrù gbé máa ń bẹ̀rù ẹni tó ń gbé e. Èyí tí wọ́n bá jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ọ̀pá oníhò, tàbí tí wọ́n bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bù, ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọwọ́ ṣì ń lọ síbi ìrù, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá wọn ṣe kọ́ wọn. Jíjí ẹran náà tún nílò ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe: orí bébà ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí nínú àgò tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí pé ìyẹ̀fun igi lè dí i nímú, wọn ò sì ní dá a padà sáàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí á fi lè rìn dáadáa.

Bí wọn ò bá kùn ún lóorun ńkọ́?

Àwọn kan tilẹ̀ ní kí wọ́n yéé fún eku lóògùn oorun. Wọ́n á fi ọjọ́ púpọ̀ kọ́ eku: wọ́n á gbé e sínú ibùsùn náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, wọ́n á fún un ní omi dídùn, títí ara rẹ̀ á fi mọ́lé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ lẹ nǹkan kékeré mọ́ agbárí rẹ̀ kí orí má baà yí. Èrè rẹ̀ ni pé ọpọlọ tó jí ni wọ́n ń wò. Àwọn mìíràn gba àárín lọ: medetomidine, tí àwọn dókítà ẹran ń lò láti fi tu ẹran lára, kì í fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ bí isoflurane, oògùn mìíràn sì wà tí wọ́n lè fi pa agbára rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Níbi tí mo dúró sí, eku tí wọ́n de lórí, tí ọkàn rẹ̀ ń já nínú ariwo, kò sàn ju èyí tí oògùn kùn lóorun lọ. Kí ẹni tó ń ya ẹran tó jí kọ́kọ́ fi hàn wá pé ara rẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́, kó tó sọ pé ọpọlọ tòótọ́ ni òun rí.

Ẹ̀jẹ̀ tó kàn wá

Ní 1949, Linus Pauling tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ara èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ti wá. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní in tó Nàìjíríà. Àwọn òbí tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ìbẹ̀rù rọpárọsẹ̀ tó lè kọ lu ọmọdé.

Ní 1997, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì, ọ̀kan ní Berkeley, èkejì ní Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama, mú èkúté jáde tí èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti èèyàn onífòníkú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti lè wo bí àìsàn yìí ṣe ń ba iṣan ọpọlọ jẹ́ nínú ẹran tó wà láàyè. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí máa ń tẹ̀, wọ́n á le, nígbà tí ọ́síjìn bá dín kù lára wọn. Ní ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí, ọ́síjìn pọ́ńbélé ni wọ́n fi ń gbé isoflurane dé imú ẹran. Fún irú èkúté yìí, ọ́síjìn yẹn lè dín títẹ̀ sẹ́ẹ̀lì kù, kí àwòrán rẹ̀ dára ju bí àìsàn ṣe ń bá a fínra lọ. Bí wọ́n bá sì fi afẹ́fẹ́ lásán gbé e, tí oògùn dín mímí rẹ̀ kù, sẹ́ẹ̀lì lè tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní ARRIVE, tí NC3Rs, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ lílo ẹran nínú ìwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2010, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2020. Ó ní kí olùwádìí kọ ohun tó ṣe fún ẹran sílẹ̀ kúnnákúnná, títí kan oògùn tó fi kùn ún lóorun. Mo fẹ́ kí àwọn oníṣègùn wa ní Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀ tó bá ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí fòníkú-fọ̀ladìde wo apá tí wọ́n kọ èyí sí kí wọ́n tó wo àwòrán. Kí ni ẹran náà ń mí? Báwo ni ara rẹ̀ ṣe gbóná tó? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti kùn ún lóorun ṣáájú? Bí wọn ò bá rí i níbẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, kí wọ́n béèrè.